Ẹni tó ni ilẹ̀ àti ẹni tó ni ènìyàn: àlàyé lórí àríyànjiyàn ilẹ̀ Èkó

Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ kì í tán l'Ékòó. Ilé ẹjọ́ á ní ìdílé kan ló ni àdúgbò kan, katapílà á dé, àwọn tí wọ́n ti ń gbé ibẹ̀ láti ayé bàbá bàbá wọn á bọ́ síta. Kí ilẹ̀ tó ṣú lọ́jọ́ náà, ìjà ti bẹ́ sílẹ̀ lórí Facebook. Ẹnì kan á ní ọba ló ni Èkó. Ẹlòmíràn á ní àwọn ìjòyè onífìlà funfun ló ni ín. Ẹ̀kẹta á là á mọ́lẹ̀ pé ẹrú ìdílé àwọn ni bàbá àwọn tó ń sunkún yẹn, pé ńṣe ni wọ́n kàn fi wọ́n síbẹ̀. Ẹ̀kẹrin á gbé fọ́tò ìwé kan tó ti pọ́n jáde, tí wọ́n ti dárúkọ Ọbabìnrin Victoria nínú rẹ̀.

Ó ṣeé ṣe kí gbogbo wọn máa sọ òótọ́ tó wà lọ́wọ́ wọn. Láàárín 1850 sí 1930, ọrọ̀ ṣí nípò l'Ékòó: ó kúrò lára ènìyàn, ó bọ́ sára ilẹ̀. Àwọn tó ti ń fi ènìyàn ṣe ọrọ̀ rí i pé òfin fẹ́ gba ènìyàn lọ́wọ́ wọn, wọ́n bá fi ilẹ̀ so àwọn ènìyàn náà mọ́lẹ̀. Ibẹ̀ ni ìdààmú ti bẹ̀rẹ̀, ibẹ̀ náà ni màá sì pẹ́ sí jù nínú àlàyé yìí.

Ta ni ta nínú ọ̀rọ̀ yìí?

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ ya àwọn ènìyàn sọ́tọ̀ọ̀tọ̀, torí pé pípa wọ́n pọ̀ ló ń fa ìjà.

Àwọn Ìdẹ́jọ ni onílẹ̀ ní ti àṣà. Wọ́n wà lára àwọn ìjòyè onífìlà funfun, ìtàn sì sọ pé ọ̀dọ̀ àwọn ọmọ Ọlọ́fin ni ìran wọn ti ṣẹ̀. Arómirẹ́, Olúwa, Olóto, Onírù àti Olúmẹ́gbọ́n wà lára wọn. Kì í ṣe gbogbo onífìlà funfun ni Ìdẹ́jọ o. Àwọn Akárìgbẹrẹ náà ń dé fìlà funfun, wọ́n lágbára láàfin, àmọ́ ilẹ̀ kì í ṣe tiwọn láti pín. Ọba pàápàá, tí ìran rẹ̀ tan mọ́ Ìbíní, orí ilẹ̀ tí Arómirẹ́ yọ̀ǹda ni ààfin rẹ̀ wà. Ọba ló ni àṣẹ lórí ará ìlú, lórí owó ibodè àti ogun. Ìdẹ́jọ ló ń fún àlejò nílẹ̀.

Olówó ni ẹni tó ra ènìyàn tàbí tó kó o lójú ogun. Ẹrú ni ẹni tí wọ́n rà tàbí tí wọ́n kó. Ìwọ̀fà yàtọ̀ sí ẹrú: ọmọ bíbí inú ìlú ni, ó ń fi iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ san èlé owó tí òun tàbí ẹbí rẹ̀ yá. Ọjọ́ tí wọ́n bá san gbèsè náà tán ló ń padà sílé, kò sì sẹ́ni tó lè tà á. Ẹni tó bá pe ọmọ ìwọ̀fà ní ọmọ ẹrú, ó fẹ́ fa ìjà ni.

Ó wá ku àrọ́tà. Àrọ́tà ni ẹrú, tàbí ọmọ ẹrú, tó ti di ará ilé olówó rẹ̀. Wọn kì í tà á mọ́. Ó lè ní ilé, ní ìyàwó, ní ọjà tirẹ̀, kó tilẹ̀ lówó ju ọmọ inú ilé lọ. Síbẹ̀ abẹ́ ìdílé olówó náà ló wà. Òun ni ọ̀pọ̀ ẹjọ́ ilẹ̀ láàárín ìlú Èkó dá lé lórí.

Kí ló dé tí ilẹ̀ ò fi jẹ́ ọrọ̀ láyé ìgbà náà?

Torí pé ilẹ̀ pọ̀, ènìyàn ni kò tó. Àlejò tó bá tọ Ìdẹ́jọ kan lọ pẹ̀lú obì àti ọtí, tó sì hùwà ọmọlúàbí, á rí ibi kọ́lé sí. Ìṣákọ́lẹ̀ tó ń mú wá lọ́dọọdún kì í ṣe owó iyebíye. Àmì pé ó mọ ẹni tó ni ilẹ̀ ni.

Ènìyàn ni wọ́n fi ń mọ ẹni ńlá. Èèyàn mélòó ló ń wa ọkọ̀ ojú omi rẹ? Mélòó ló ń gbé ìbọn tẹ̀lé ọ? Mélòó ló ń dáko fún ọ, tó ń jáde lẹ́yìn rẹ lọ́jọ́ ọdún? Láti bí ọdún 1760 lọ ni òwò ẹrú ti ń gbèrú l'Ékòó. Nígbà tí Ọ̀yọ́ Ilé tú, tí ogun Òwu àti àwọn ogun mìíràn sì gba ilẹ̀ Yorùbá kan, Èkó di ọjà ẹrú tó tóbi jù ní ẹkùn etí òkun yìí. Bahia ní Brazil àti erékùṣù Cuba ni wọ́n ń kó púpọ̀ wọn lọ. Àwọn tí wọn ò tà sókè òkun ni wọ́n fi ń kún agbo ilé l'Ékòó.

Oṣù Kejìlá 1851 ni ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì yìnbọn lu Èkó, wọ́n lé Kòsọ́kọ́, wọ́n sì gbé Akítóyè padà sórí oyè. Ní ọjọ́ kìíní oṣù Kínní 1852, Akítóyè fọwọ́ sí ìwé pé òwò ẹrú ti parí. Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé ibẹ̀ ni ẹrú ti tán l'Ékòó. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Títa ènìyàn sókè òkun ni wọ́n dá dúró. Iṣẹ́ ẹrú nínú ilé àti lóko tún pọ̀ sí i ni, torí pé epo pupa ni àwọn òyìnbó ń béèrè báyìí, iṣẹ́ ọwọ́ púpọ̀ sì ni epo: ẹni tó máa gun ọ̀pẹ, ẹni tó máa fọ epo, ẹni tó máa rù ú dé etí ọ̀sà, ẹni tó máa wà á dé Èkó. Ẹfúnróyè Tinúbú tó ti ṣòwò ẹrú ṣòwò epo náà, kí kọ́ńsù Gẹ̀ẹ́sì, Benjamin Campbell, tó lé e kúrò l'Ékòó ní 1856. Ó gba Abẹ́òkúta lọ, ó sì di Ìyálóde Ẹ̀gbá ní 1864.

Ní Ìbàdàn, oko ńlá tí ẹrú ń ṣe ló ń bọ́ àwọn ológun. Ẹfúnṣetán Aníwúrà, Ìyálóde tí àwọn ẹrú rẹ̀ pa ní 1874 pẹ̀lú ọwọ́ Ààrẹ Látòósà nínú ọ̀ràn náà, ní irú oko bẹ́ẹ̀. Eré orí ìtàgé ti sọ ọ́ di òǹrorò lásán lójú wa. Mi ò ní bá ẹnikẹ́ni gbèjà ìkà, àmọ́ àwọn olóyè ọkùnrin ìgbà ayé rẹ̀ lẹ́rú bíi tirẹ̀, ohun kan náà sì ni àwọn náà ń fi wọ́n ṣe.

Kí ni 1861 yí padà?

Ní ọjọ́ kẹfà oṣù Kẹjọ 1861, pẹ̀lú ọkọ̀ ogun Prometheus lójú omi, Ọba Dòsùnmú fọwọ́ sí ìwé tó fi Èkó sábẹ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn onífìlà funfun fárí gá, wọ́n ní ọba ò lè fi ohun tí kì í ṣe tirẹ̀ tọrẹ. Ẹ fi ọ̀rọ̀ yẹn sọ́kàn, ó máa padà wúlò ní ọgọ́ta ọdún lẹ́yìn náà.

Láti 1834 ni òfin ti ní kò gbọ́dọ̀ sí ẹrú ní àwọn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì bíi West Indies. Tí Èkó bá wá di ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, a jẹ́ pé gbogbo ẹrú tó wà níbẹ̀ ti di òmìnira nìyẹn, àbí bẹ́ẹ̀ kọ́? Lórí ìwé, bẹ́ẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n àwọn òyìnbó tó ń ṣàkóso Èkó mọ̀ pé iṣẹ́ ẹrú ló ń gbé epo wá. Wọ́n bẹ̀rù pé bí gbogbo ẹrú bá dìde lọ lọ́jọ́ kan, ọjà á dàrú, àwọn ẹni ńlá ìlú á sì kẹ̀yìn sí ìjọba. Wọ́n wá ń ṣe é bí ẹni tí kò rí i. Ẹrú tó bá lè sá, kó sá. Èyí tó bá jókòó, wọn kì í wá a lọ. Ní West Indies, £20 mílíọ̀nù ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì yà sọ́tọ̀ láti fi tu àwọn olówó lójú, wọn ò sì fún ẹrú fúnra rẹ̀ ní kọ́bọ̀. L'Ékòó, olówó ò rí irú owó bẹ́ẹ̀ gbà, ẹrú náà ò rí nǹkan kan.

Ọ̀nà àbáyọ kan ṣí sílẹ̀ fún àwọn ọkùnrin Haúsá. Láti 1863 ni John Glover, ọ̀kan nínú àwọn òyìnbó tó ṣàkóso Èkó, ti ń gba àwọn tó sá kúrò lọ́dọ̀ olówó sínú ọlọ́pàá oníbọn tó dá sílẹ̀. Inú bí àwọn olówó l'Ékòó àti lókè títí dé Abẹ́òkúta. Àmọ́ obìnrin ńkọ́? Ọlọ́pàá kì í gba obìnrin.

Báwo ni ẹni tó dòmìnira ṣe tún di ẹni tó wà lábẹ́ ẹlòmíràn?

Ẹ fi ara yín sípò ọkùnrin kan tí wọ́n kó ní kékeré láti òkè Ọya, tí kò mọ ọ̀nà ilé mọ́. Wọ́n ní ó ti dòmìnira. Ibo ló máa sùn lálẹ́? Yàrá tó ń sùn, inú agbo ilé olówó rẹ̀ ló wà. Tó bá fẹ́ ilẹ̀, ó nílò àgbà tó máa mú un dé iwájú onílẹ̀. Tó bá fẹ́ ṣòwò, ó nílò ẹni tó máa dúró fún un kí wọ́n tó fún un lọ́jà àwìn. Tó bá fẹ́ fẹ́ ìyàwó, ó nílò ẹbí tó máa bá a tọrọ. Ẹnì kan ṣoṣo tó ní gbogbo nǹkan wọ̀nyí tó sì mọ̀ ọ́n lórúkọ ni olówó rẹ̀.

Olówó náà gbọ́n. Ó mọ̀ pé ilé ẹjọ́ òyìnbó ò ní bá òun dá ẹrú tó sá padà, nítorí náà ó fi sùúrù mú un. Á ní, "Dúró tì mí. Igun ilẹ̀ yìí rèé, kọ́lé sí i." Kò béèrè owó ilé. Ohun tó ń béèrè ni pé kí ẹni náà máa jẹ́ ìpè: kó wá bá òun ṣiṣẹ́ nígbà tí iṣẹ́ bá pọ̀, kó tẹ̀lé òun lọ sóde, kó wà níbẹ̀ lọ́jọ́ ìsìnkú àti lọ́jọ́ ìyàn oyè.

Ẹ̀tọ́ àrọ́tà lórí ilé yẹn dà bíi ti awakọ̀ dánfó tó ń wa ọkọ̀ ọlọ́kọ̀. Ọwọ́ rẹ̀ ni kọ́kọ́rọ́ wà, òun ni gbogbo ará àdúgbò mọ̀ mọ́ ọkọ̀ náà, ó lè wà á fún ogún ọdún, àmọ́ kò lè gbé e lọ sọ́jà lọ tà. Tí òun àti ọlọ́kọ̀ bá jà, ẹsẹ̀ ló máa fi rìn lọ.

Ti obìnrin burú jù. Nígbà tí èkùrọ́ di ọjà tí òyìnbó ń rà, obìnrin ló ń fi òkúta pa á lọ́kọ̀ọ̀kan, ọ̀pọ̀ nínú wọn ló sì jẹ́ ẹrú. Olówó tó bá rí i pé obìnrin kan fẹ́ lọ á ní ìyàwó òun ni, kì í ṣe ẹrú. Ààlà láàárín méjèèjì kò hàn sí adájọ́ òyìnbó, kò sì fẹ́ da ilé onílé rú. Tí obìnrin náà bá sì ti bímọ, ilé bàbá ló ni ọmọ. Ó lè lọ, àmọ́ ọwọ́ òfo ló máa fi lọ. Èyí ni mo ṣe máa ń rẹ́rìn-ín tí wọ́n bá ní ẹrú Èkó "yàn láti dúró" torí pé olówó wọn ṣe wọ́n dáadáa. Àwọn kan rí bẹ́ẹ̀ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò níbi tó máa lọ kò yan nǹkan kan.

Lẹ́yìn tí wọ́n dá ilé ẹjọ́ gíga Èkó sílẹ̀ ní 1876, irú ẹjọ́ báyìí bẹ̀rẹ̀ sí í dé iwájú rẹ̀: àrọ́tà kú, ta ló ni ilé tó fi sílẹ̀, ṣé àwọn ọmọ rẹ̀ ni tàbí ìdílé olówó?

Òṣòdì Tápà: ẹrú tó di olówó

Ẹni tó bá rò pé ìlà tó wà láàárín ẹrú àti olówó jẹ́ tààrà, kó wo ọ̀ràn ọkùnrin yìí. Ilẹ̀ Nupe ni wọ́n ti mú un wá sí Èkó ní kékeré. Agbo ilé bàbá Kòsọ́kọ́ ló dàgbà sí, ó gbọ́ èdè Àgùdà (ìyẹn Potogí), ó mọ òwò, ó sì di olórí ogun fún Kòsọ́kọ́. Òun ló wà níwájú àwọn tó kọjú ìjà sí ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì ní 1851. Nígbà tí wọ́n lé Kòsọ́kọ́, ó bá a lọ sí Ẹ̀pẹ́, àìmọye àwọn tó wà lábẹ́ òun náà sì tẹ̀lé e.

Wọ́n padà wọ Èkó ní 1862. Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fún Òṣòdì àti àwọn ènìyàn rẹ̀ ní ibi tí wọ́n ń pè ní Ẹpẹtẹ̀dó títí dòní. Agbolé 21 ni wọ́n tẹ̀dó síbẹ̀, púpọ̀ nínú àwọn olórí agbolé náà jẹ́ ẹrú tàbí ọmọ abẹ́ Òṣòdì. Ó kú ní 1868. Ní 1869 ni ìjọba kọ ìwé fún agbolé wọ̀nyẹn.

Ẹ wo bí ọ̀rọ̀ ṣe lọ́ pọ̀: ilẹ̀ tí kò ti ọ̀dọ̀ Ìdẹ́jọ wá tààrà, tí ìjọba fún ẹni tó ti jẹ́ ẹrú rí, tí òun náà pín fún ẹrú tirẹ̀. Ta ni onílẹ̀ níbẹ̀?

Kí ni ìwé òyìnbó wà fún?

Ìwé yìí ni wọ́n ń pè ní Crown Grant. Ní 1863 ìjọba yan àwọn kan láti wádìí ẹni tó ni ilẹ̀ kọ̀ọ̀kan nínú ìlú, ẹni tó bá sì lè fi hàn pé òun ló ni ín á gba ìwé ní orúkọ Ọbabìnrin. Orúkọ ẹnì kan ṣoṣo ló sábà máa ń wà lórí rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé odidi ẹbí ló ń gbé ilé náà.

Àwọn Sàró tó ti Sierra Leone dé, tí wọ́n fi Olówógbowó ṣe ilé, àti àwọn Àgùdà tó ti Brazil àti Cuba dé sí Pópó Àgùdà, ti mọ ìwúlò ìwé kí àwọn ará ilé tó mọ̀ ọ́n. Láti ìgbà Dòsùnmú, kí Gẹ̀ẹ́sì tó gba ìlú, ni àwọn kan nínú wọn ti ní ìwé ilẹ̀ láti ọwọ́ ọba. Ẹrú ni wọ́n tàbí ọmọ ẹrú tí wọ́n dá sílẹ̀, síbẹ̀ àwọn kan nínú wọn náà ra ẹrú, wọ́n sì gba ìwọ̀fà. Ìtàn ò ní kí á máa fẹ́ràn gbogbo ẹni tó jìyà.

Kí ló mú kí gbogbo ayé máa wá ìwé? Gbèsè ni. Àwọn ilé iṣẹ́ òyìnbó ń fún oníṣòwò lọ́jà àwìn, kó gbé e lọ sókè, kó fi ra epo wá. Láyé àtijọ́, ènìyàn ni wọ́n ń fi dúró fún gbèsè. Òyìnbó ò lè gba ènìyàn mọ́, ìwé ilẹ̀ ló ń gbà. Ilẹ̀ tí kò níye lórí ní 1840 wá di ohun tí wọ́n lè fi yá owó, àti ohun tí wọ́n lè lù ní gbàǹjo bí owó ò bá padà. Ọ̀pọ̀ ilé ẹbí lọ báyẹn, torí pé ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà lórí ìwé fi dúró láìsọ fún àbúrò tàbí àrọ́tà tó wà nínú rẹ̀.

Àwọn tó tètè mọ ìdí rẹ̀ ló jèrè. Dáníẹ́lì Táíwò, tí gbogbo Èkó mọ̀ sí Táíwò Olówó, ti Ìṣẹ́rì wá, ó di ọ̀rẹ́ Glover, ó kó ilé àti ilẹ̀ jọ lọ́pọ̀lọpọ̀, ó sì fi àwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ sínú wọn. Nígbà tó kú ní 1901, agbára rẹ̀ ò yàtọ̀ sí ti olówó ẹrú láyé àtijọ́. Ilé ló fi mú wọn mọ́ra.

Kí ni ilé ẹjọ́ wá sọ?

Ní 1913 ìjọba gba ilẹ̀ kan ní Àpápá. Àmọ́dù Tìjání, tó wà lórí oyè Olúwa, ní Ìdẹ́jọ lòun, kí wọ́n san owó gbogbo ilẹ̀ náà fún òun nítorí ìdílé àti àwọn ènìyàn òun. Ilé ẹjọ́ l'Ékòó ní bẹ́ẹ̀ kọ́, pé àṣẹ lásán ló ní lórí ilẹ̀, owó díẹ̀ ló tọ́ sí i. Ní 1920 ó wọkọ̀ lọ sí London, Herbert Macaulay sì bá a lọ. Ní 1921 ìgbìmọ̀ ẹjọ́ tó ga jù níbẹ̀ dá a láre: ìwé tí Dòsùnmú fọwọ́ sí ní 1861 kò gba ilẹ̀ lọ́wọ́ àwọn tó ni ín. Ohun tí àwọn onífìlà funfun ti ń wí láti ìbẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

Ẹjọ́ Ẹpẹtẹ̀dó náà dé London. Ní 1930 ìgbìmọ̀ kan náà ní ìwé 1869 kò pa àṣà ìbílẹ̀ rẹ́. Ìyẹn ni pé orúkọ tó wà lórí ìwé kò tó láti fi ta ilé tí ẹbí ń gbé. Ó dára fún àwọn tó wà nínú ilé, àmọ́ ó da jìnnìjìnnì bo gbogbo ẹni tó ti rà á ní gbàǹjo láti àádọ́ta ọdún sẹ́yìn. Àríyànjiyàn náà pọ̀ débi pé ìjọba yan Sir Mervyn Tew láti wádìí, nígbà tó sì di 1947 wọ́n ṣe òfin mélòó kan: ọ̀kan fún Ẹpẹtẹ̀dó nìkan, òmíràn sì wà tí wọ́n dárúkọ àrọ́tà sínú àkọlé rẹ̀ gan-an. Ọdún 86 lẹ́yìn tí wọ́n ní kò sí ẹrú mọ́ l'Ékòó nìyẹn.

Kí ló kan ẹni tó ń ra ilẹ̀ lónìí nínú rẹ̀?

Òfin ilẹ̀ 1978 fi ilẹ̀ ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan sọ́wọ́ gómìnà, òfin Ìpínlẹ̀ Èkó ti 2016 sì ní ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ fi ipá gba ilẹ̀ tàbí kó jàǹdùkú wọ̀ ọ́. Kò sí èyí tó pa ìtàn tí mo sọ yìí rẹ́. Ẹbí ṣì ń tà, ẹbí ṣì ń pẹjọ́.

Tí ẹnì kan bá ní òun ní ilẹ̀ àárín ìlú láti tà fún yín, ẹ bi í bí ìdílé rẹ̀ ṣe dé orí rẹ̀. Ṣé Ìdẹ́jọ ni wọ́n, àbí Ìdẹ́jọ ló fún wọn? Ṣé Crown Grant ni, orúkọ ta ló sì wà lórí rẹ̀? Ṣé gbàǹjo ni bàbá wọn ti rà á, lọ́wọ́ ta ni? Àwọn wo ló wà nínú ilé báyìí, kí ló gbé àwọn náà débẹ̀? Ẹ rí i pé olórí ẹbí àti àwọn àgbà ẹbí jọ fọwọ́ sí i, torí pé ilé ẹjọ́ lè wọ́gi lé títà tí ẹnì kan dá ṣe. Tó bá jẹ́ Ẹpẹtẹ̀dó ni, ẹ bi í pé agbolé wo nínú 21 ni, kí ẹ sì lọ bá àwọn tó kù nínú agbolé náà sọ̀rọ̀ kí owó tó kúrò lọ́wọ́ yín.